Òjò Tí Rodelyn Kọ Sílẹ̀ Nínú Ẹ̀ẹ̀rùn

Ọdún mẹ́sàn-án ni Rodelyn Sumagaysay fi kọ̀wé lórúkọ ẹlòmíràn. Kò sí ẹni tí kò mọ ilé búrẹ́dì Manang Ising ní àdúgbò Jaro, ní ìlú Iloilo. Gbogbo ènìyàn ló sì mọ̀ pé ìyá tó ni ín, tí wọ́n ń pè ní Manang bí wọ́n ṣe ń pe àgbà obìnrin níbẹ̀, kì í fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà. Síbẹ̀, ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ kọ̀ọ̀kan, lẹ́tà kan máa ń jáde lórí ìkànnì ilé búrẹ́dì náà, àwòrán ìyá lókè, orúkọ rẹ̀ nísàlẹ̀. Àwọn ọmọ Iloilo tó ń ṣe nọ́ọ̀sì nílẹ̀ òkèèrè ń ka á, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ òkun ń ka á, wọn a sì ránṣẹ́ ra páálí bisíkíìtì fún àwọn ará ilé wọn. Rodelyn ló ń kọ ọ́.

Kó tó dé, iye owó ọjà nìkan ló wà lórí ìkànnì yẹn, kò sì sẹ́ni tó ń yà síbẹ̀. Rodelyn ní ènìyàn kì í dúró ka ìpolówó, àmọ́ yóò dúró gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnìkejì rẹ̀. Nítorí náà, gbogbo ọjọ́ Ajé ló máa ń jókòó sórí àpò fùláwà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò. Ìyá a máa sọ̀rọ̀, òun a máa kọ. Bó bá tò ó tán, a padà wá kà á sókè fún ìyá, tó máa ń pè é ní Inday, bí àgbà ṣe ń pe ọmọbìnrin lọ́hùn-ún.

"Inday, mi ò sọ̀rọ̀ gígùn tó báyìí rí láyé mi. Gé e."

Rodelyn a gé e.

Ní oṣù kẹta ọdún kan, wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún bàbá Rodelyn, kò sì mọ ìgbà tí òun yóò ráyè. Òun àti ìyá wá kọ lẹ́tà méjìlá sílẹ̀, ó sì ṣètò ẹ̀rọ kó máa gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan jáde bí Ọjọ́bọ̀ bá ti pé. Ooru mú lọ́jọ́ tí wọ́n kọ èyí tó kẹ́yìn, ojú wọn sì wà lọ́nà òjò. Ara bàbá yá. Rodelyn gbàgbé lẹ́tà tó kẹ́yìn náà.

Ìjì dé ní oṣù kẹfà. Ọjọ́rú ni odò kún bo àwọn abúlé etí rẹ̀, tí àwọn ènìyàn sùn sórí òrùlé. Nígbà tó di aago mẹ́fà àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ẹ̀rọ ṣe ohun tí wọ́n ní kó ṣe: "Òjò ti dé, ó mà dùn o! Ẹ jókòó sílé, ẹ bu kọfí, ẹ tú bisíkíìtì, kí ẹ jẹ́ kí omi kọrin lórí páànù."

Rodelyn ń kó ẹrẹ̀ nílé tirẹ̀, kò sí iná. Ọ̀sán ló tó rí fóònù lò. "Manang Ising," ẹnìkan ti kọ síbẹ̀, "ṣé kí n sọ̀ kalẹ̀ látorí òrùlé wá gba kọfí tèmi?" Òmíràn ní: "Ọgbọ̀n ọdún ni ìyá mi fi ra búrẹ́dì lọ́wọ́ yín. Ẹ ò tiẹ̀ láàánú."

Ó fẹsẹ̀ rìn dé ilé búrẹ́dì. Erwin, ọmọkùnrin Manang Ising, tó ń bójú tó ọjà, ló pàdé lẹ́nu ọ̀nà.

"Mo ti pa á rẹ́," ni Erwin wí. "Jókòó, kọ ọ́ pé olè ló wọ orí ìkànnì wa. Ìlà mẹ́ta péré."

"Olè wo, Manong?" ni Rodelyn bi í, bí wọ́n ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n ọkùnrin.

"Olè yòówù. Ta ni yóò lọ mú un?"

"Wọ́n ti ya àwòrán rẹ̀ kẹ́ ẹ tó pa á rẹ́. Wọ́n sì mọ ohùn Manang. Olè wo ló lè sọ̀rọ̀ bíi ti Manang?"

"Rodelyn, bí o ò bá lè kọ ìlà mẹ́ta, màá wá ẹni tó lè kọ ọ́."

Ó yé Rodelyn pé iṣẹ́ lè bọ́ lọ́wọ́ òun. Ó jókòó, ó kọ ọ́, àmọ́ kì í ṣe ti olè. Lẹ́yìn náà, ó gbé e lọ sídìí ààrò gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn. Ìyá ń kó búrẹ́dì sápò fún àwọn tí omi lé wá sí ilé ẹ̀kọ́.

"'Èmi Rodelyn Sumagaysay ni mò ń kọ àwọn lẹ́tà wọ̀nyí,'" ó kà á sókè. "'Inú ẹ̀ẹ̀rùn ni mo kọ ti àárọ̀ yìí, mo fi sílẹ̀ fún ẹ̀rọ, mi ò sì yẹ̀ ẹ́ wò mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Manang Ising ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀.'"

"Gé èyí tó kẹ́yìn."

"Manang?"

"Ta ló ní òjò dùn, ìwọ àbí èmi? Orí àpò yẹn lo jókòó sí tí mo sọ ọ́, tá a jọ ń rẹ́rìn-ín. Fi orúkọ àwa méjèèjì sí i."

Erwin gbọ́ ọ láti ẹnu ọ̀nà, ó ké pe ìyá rẹ̀. "Nanay! Orúkọ yín yẹn là ń tà o!"

"Búrẹ́dì ni ìwọ ń tà. Wá bá mi gbé àpò yìí." Ó yíjú sí Rodelyn. "Inday, alẹ́ ni mo máa ń po fùláwà, kó lè wú mọ́jú. Ṣé o ti rí mi rí tí mo tì í sínú ààrò láàárọ̀ láìkọ́kọ́ fọwọ́ kàn án wò?"

Lẹ́tà náà jáde lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló dárí jì wọ́n. Àwọn oníbàárà kan kò padà wá. Inú bí Erwin fún ọ̀sẹ̀ méjì, ṣùgbọ́n kò wá ẹlòmíràn.

Orúkọ méjì ló wà nísàlẹ̀ lẹ́tà báyìí. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ̀wé polówó ọjà a máa fi Rodelyn ṣe yẹ̀yẹ́ pé ẹ̀rọ lè gbé lẹ́tà jáde fún un nígbà tó bá ń sùn.  Ní Ọjọ́bọ̀, Rodelyn yóò gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ lọ sídìí ààrò, yóò wo ojú ọ̀run lẹ́nu ọ̀nà, yóò ka lẹ́tà náà sókè lẹ́ẹ̀kan sí i. Ìyá a wá na ìka rẹ̀ tó kún fún fùláwà, a tẹ bọ́tìnì kọ̀ǹpútà kí lẹ́tà náà jáde. Rodelyn ti nu fùláwà kúrò lára bọ́tìnì yẹn títí, ó ti sú u.