Òfin Má-Kọjá-Àgbà Lójú Títì Ìmùṣin

Èmi ni mo fi ẹnu ara mi ṣe òfin náà. Kí n tètè jẹ́wọ́ kí ẹlòmíì tó bá mi sọ ọ́. Nígbà tí a fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ìdíje ìrìn-ẹsẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde, mo jókòó lórí pákó nínú ṣọ́ọ̀bù mi, mo tẹ fóònù, mo sì fi ohùn mi ránṣẹ́ sórí Wọ́sáàpù, torí ìwé kíkọ ò rọ̀ mí lọ́rùn. Mo ní, "Ẹ̀yin ará, ọmọdé kankan ò gbọdọ̀ kọjá àgbà lójú ọ̀nà. Kí ẹgbẹ́ tó dàgbà jù máa wà níwájú, kí àwọn tó kù máa tò tẹ̀lé wọn." Mo tún ohùn náà gbọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó dùn létí mi. Ìdíje ìrìn ni mo ń ṣètò o, mo wá ṣòfin pé kí ẹnikẹ́ni má ṣáájú ẹnikẹ́ni.

Ẹni tí kì í bá ṣe ọmọ Ìjẹ̀bú lè máa rẹ́rìn-ín. Lọ́dọ̀ wa, àwọn tí wọ́n bí láàárín ọdún díẹ̀ síra wọn ló máa ń wà nínú rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ kan, ọkùnrin lọ́tọ̀, obìnrin lọ́tọ̀. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan mọ ẹni tó wà níwájú òun àti ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn òun. Bí a bá fẹ́ lọ kí ọba, bẹ́ẹ̀ la ṣe ń tò. Bí a bá fẹ́ ya fọ́tò, bẹ́ẹ̀ náà ni. Kò wá sí mi lọ́kàn pé ẹsẹ̀ ò mọ ẹgbẹ́.

Ẹ̀jẹ̀ ríru ló gbé wa dé ìdí ìrìn. Ọ̀kan nínú àwọn ẹgbẹ́ mi ṣubú ní balùwẹ̀. Kò pẹ́ sí i, òmíràn ṣubú nídìí oúnjẹ, ẹja sì wà lọ́wọ́ ẹ̀. Àwọn méjèèjì ò kú, ṣùgbọ́n wọn ò rìn dáadáa mọ́. Ni ẹgbẹ́ wa bá pèpàdé. Mi ò lọ. Mo purọ́ pé mo ń já igi sílẹ̀ nínú ọkọ̀, àṣé ẹ̀rù ń bà mí pé wọ́n á ní kí gbogbo wa lọ yẹ ara wa wò. Torí pé mi ò sí níbẹ̀ láti kọ̀ ọ́, èmi ni wọ́n fi ṣe olórí ìrìn. Wọ́n ní ohùn mi ló wu àwọn, ẹni tó ń ta pákó nítòsí ẹ̀rọ tó ń la igi ti mọ bí wọ́n ṣe ń pariwo. Wọ́n tún ra fèrè fún mi, irú èyí tí rẹfirí máa ń fọn.

Ojo ni mí, mi ò fi bò. Mo bẹ̀rù ajá. Mo bẹ̀rù fóònù tó bá dún kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹ̀rọ tí nọ́ọ̀sì máa ń so mọ́ èèyàn lápá, mo bẹ̀rù ẹ̀ ju ìbọn lọ. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ohun tí mo ń bẹ̀rù, kò sí èyí tó tó ìyá ìyàwó mi.

Tíṣà ni màmá kí ó tó fẹ̀yìn tì. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, ẹ̀yìn ẹ̀ ò tẹ̀, ó sì máa ń wo èèyàn bí ẹni tó ń wò bóyá o fọ eyín. Òun náà forúkọ sílẹ̀ fún ìrìn náà. Sátidé mẹ́rin la máa rìn: mẹ́ta nínú ìlú, èyí tó kẹ́yìn láti Ìjẹ̀bú-Òde dé Ìmùṣin.

Kí a tó bẹ̀rẹ̀, nọ́ọ̀sì kan ládùúgbò wa ń wọn ẹ̀jẹ̀ gbogbo èèyàn. Ó wọn ti màmá, ó wo ẹ̀rọ, ó tún un wọ̀n.

"Màmá, ẹ lè rìn o, ìrìn á ṣe yín lóore. Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ rọra rìn ni. Ẹ má bá ẹnikẹ́ni du ọ̀nà. Tí èémí bá ti ń le, ẹ jókòó."

"Mo gbọ́, ọmọ mi."

Nọ́ọ̀sì fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Bọ̀ọ̀dá, ẹ máa wò wọ́n o. Ẹ̀jẹ̀ wọn ga. Tí wọ́n bá fagídí sáré, wọ́n lè ṣubú sójú títì."

Nígbà tí mo délé, mo sọ ọ́ fún ìyàwó mi. Kò pariwo. Ó ń ṣa ẹ̀wà lọ, kò gbójú sókè. "Nínú bàbá àti ìyá, òun nìkan ló kù fún mi. Bẹ́ ẹ ṣe mú un jáde ni kẹ́ ẹ ṣe mú un padà wá bá mi."

Ọ̀rọ̀ yìí jókòó sí mi nínú bí ẹ̀bà tí kò dà.

Ẹ wá wo ibi tí òfin mi gbé mi dé. Rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ màmá ló dàgbà jù nínú àwọn tó wá, àwọn mẹ́ta péré sì ni. Nígbà tó fi máa di Sátidé kejì, orúnkún ti dá àwọn méjì yòókù dúró sílé. Ó wá ku màmá nìkan níwájú, gbogbo ìlú lẹ́yìn ẹ̀. Kò sí ẹni tó lè kọjá ẹ̀ kó ní kó dẹsẹ̀, torí èmi ni mo ní kí wọ́n má kọjá. Èmi fúnra mi ò lè kọjá. Kí n wá pè é láti ẹ̀yìn ńkọ́? Ta ló máa ń kígbe mọ́ ìyá ìyàwó ẹ̀ lójú títì? Fèrè wà lọ́rùn mi. Ẹ fojú inú wò ó, kí àna fọn fèrè sí àna.

Torí náà, mo fi ipò olórí tọrọ àyè lọ́wọ́ àwọn bàbá tó tẹ̀lé e, mo lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn bí ìrù. Mo ní bó bá fẹ́ ṣubú, ọwọ́ mi ni yóò ṣubú sí. Ní Sátidé àkọ́kọ́, ó bojú wẹ̀yìn, ó rí mi, ó yára díẹ̀. Èmi náà yára. Ní Sátidé kejì, kí a tó dé ibi tí a ti máa yí padà, òógùn ti mú bùláòsì ẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn. Ní Sátidé kẹta, ìrìn màmá kù díẹ̀ kó di eré. Àwọn ọ̀dọ́ tó wà lẹ́yìn ń pàtẹ́wọ́ fún un, èmi ń làágùn tútù. Mo ní nǹkan kan ti wọ inú obìnrin yìí.

Mo lọ sílé ẹ̀ lọ́jọ́bọ̀, kí n lè bẹ̀ ẹ́ kó má lọ sí Ìmùṣin. Mo dọ̀bálẹ̀. Ó ní kí n dìde, ó bu tíì fún mi. Mo mu ún tán, ó tún bu òmíràn.

"Àna mi, ṣé ẹ ní nǹkan tẹ́ ẹ fẹ́ bá mi sọ ni?"

"Rárá o, Mà. Ẹ̀yìnkùlé yín ni mo ní kí n wò, bóyá pákó kan ti jẹrà."

Bí mo ṣe tún ilẹ̀kùn kíṣìnnì ẹ̀ ṣe nìyẹn. Ilẹ̀kùn náà ò bàjẹ́ tẹ́lẹ̀. Mo tú u, mo tún un kàn, mo lọ sílé.

Nígbà tó di Sátidé kẹrin, mo háyà kẹ̀kẹ́ Márúwá kan kó máa tẹ̀lé wa wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bí màmá bá ṣubú kí a lè rí nǹkan gbé e. Ọkùnrin tó ń wa kẹ̀kẹ́ náà tẹ̀lé wa títí, ó wá yọ orí síta.

"Bọ̀ọ̀dá, mi ò tíì wakọ̀ báyìí rí àfi lọ́jọ́ ìsìnkú. Ṣé òkú la fẹ́ gbé ni?"

"Dákẹ́, máa wà á."

Ó dákẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn ò dákẹ́ nínú mi. A kúrò láàárín ìlú, oòrùn ń yọ bọ̀ níwájú wa, oko ẹ̀gẹ́ lápá ọ̀tún, ilé tí wọn ò tíì kọ́ tán lápá òsì. Màmá ń lọ níwájú nínú bàtà kámúsì funfun, irú èyí tí wọ́n fi ń sáré, tí ọmọ ẹ̀ ọkùnrin fi ránṣẹ́. Mo ń gbọ́ bàtà náà lórí òkúta wẹ́wẹ́, kò dẹwọ́. Ó ṣàdédé ki ọwọ́ bọ àyà ẹ̀. Mo ti ń ronú ohun tí màá sọ fún ìyàwó mi: bóyá màá dúró sẹ́nu ọ̀nà sọ ọ́, bóyá màá kọ́kọ́ ní kó jókòó. Màmá yọ ọwọ́ jáde, minti ló mú níbẹ̀. Ó tú bébà ẹ̀, ó jù ú sẹ́nu, ó ń lọ.

Ìgbà yẹn ni wàhálà bẹ́ lẹ́yìn. Ìrìn náà ti sú rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ tó kéré jù.

"Bàbá Olórí, òfin yín yìí ò ṣe wá láǹfààní kankan o. Ìyá yín ń sáré, àwọn bàbá tó tẹ̀lé wọn ń wọ́ ẹsẹ̀. Àwa wà láàárín eruku."

"A máa kọjá o. Ẹ bá wa tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àwọn àgbà."

Mo yíjú sí wọn, mo fọn fèrè. Mo bẹ̀ wọ́n, mo halẹ̀ mọ́ wọn, mo tún bẹ̀ wọ́n. Mo ní bí wọ́n bá kọjá, màmá á rò pé wọ́n ń bá òun du ọ̀nà, ohun tó bá sì ṣẹlẹ̀, ọrùn wọn ló máa wà. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Ọrùn yín ni fèrè wà o, bàbá." Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo fi máa yíjú padà, màmá ti ya kọ́nà. Ojú títì ṣófo.

Mo sáré. Ikùn mi ṣáájú mi, fèrè ń lù mí láyà. Nígbà tí mo yọ sí kọ́nà yẹn, bàtà kámúsì funfun ni mo rí lẹ́bàá títì, méjèèjì, kò sí ẹsẹ̀ nínú wọn. Ọ̀kan dojú dé. Àwọn mẹ́ta kan sì dúró nítòsí, wọ́n tẹ orí ba, wọ́n ń wo nǹkan kan nílẹ̀.

Mi ò rántí pé mo kígbe. Wọ́n ní mo kígbe. Ohun tí mo rántí ni pé títì dìde wá bá mi.

Ṣọ́ọ̀bù fọkanáísà ni àwọn mẹ́ta yẹn dúró sí, táyà tó jò ni wọ́n ń wò nínú abọ́ omi. Màmá wà lórí bẹ́ǹṣì lẹ́yìn wọn, ó na ẹsẹ̀, ó ń mu omi inú ike. Òkúta ló wọ bàtà ẹ̀, ló ṣe bọ́ ọ. Òun ló kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ mi. Ó da omi tó kù sí mi lórí, ó fi aṣọ orí ẹ̀ fẹ́ mi, ó sì ní kí wọ́n gbé mi. Kẹ̀kẹ́ tí mo háyà dúró gan-an níwájú mi, ni wọ́n bá gbé mi sínú ẹ̀. Ọkùnrin tó ń wà á ń wò mí nínú díńgí ẹ̀.

Àwọn tó kù dé, wọ́n dúró. Wọ́n tò síbẹ̀ bí òfin ṣe sọ, àwọn àgbà níwájú, ọmọdé lẹ́yìn. Ẹnikẹ́ni ò kọjá.

Màmá jókòó tì mí nínú kẹ̀kẹ́. "Kí ló dé tẹ́ ẹ fi ń lé mi láti Sátidé àkọ́kọ́?"

"Èmi, Mà? Mò ń lé yín?"

"Bí mo bá gbẹ́sẹ̀, ẹ ti dé gìrìgìrì lẹ́yìn mi. Mò ń gbọ́ bí ẹ ṣe ń mí bí ẹṣin. Mo ní ọkùnrin yìí ń kánjú, kò sì lè kọjá mi torí òfin tó ṣe. Àánú yín ló ṣe mí. Mo ní kí n yára kí n má baà dí yín lọ́wọ́. Ẹ̀ ń pa mí lọ, àna mi."

Mo wá ní láti sọ ọ́. Mo sọ ohun tí nọ́ọ̀sì wí fún mi àti ohun tí ọmọ ẹ̀ sọ nídìí ẹ̀wà. Mo jẹ́wọ́ ilẹ̀kùn kíṣìnnì náà. Mo ní ẹ̀rù pé ó máa ṣubú ló mú kí n lẹ̀ mọ́ ọn.

Màmá gbọ́ ọ tán. Ó ní kí fọkanáísà bá òun mú bàtà wá, ó gbọn eruku inú ẹ̀ dànù, ó wọ̀ ọ́, ó so okùn ẹ̀ pẹ̀lẹ́. Ó ké sí àwọn ọ̀dọ́ pé kí wọ́n máa lọ, èmi àti òun á bá wọn ní Ìmùṣin. Wọ́n kọjá lára wa lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń tẹríba fún un. Ó wá sọ̀ kalẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́, ó na ọwọ́ sí mi.

"Ẹ sọ̀ kalẹ̀. Bẹ́ ẹ bá ń bẹ̀rù pé mo máa ṣubú, kí lẹ̀ ń wá lẹ́yìn mi? Ẹ wá síbí, ẹ̀gbẹ́ mi, níbi tí ọwọ́ yín á ti tó mi."