Èéfín Tùràrí Nínú Àyà Ògúntádé

Sùtánà tí Májẹ́kódùnmí Ògúntádé bá rán, ẹ máa wọ̀ ọ́ títí yóò fi gbó ni, ojú rírán rẹ̀ kan ò ní tú. Gbogbo àdúgbò Àjàǹgbádì ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta ni, ọmọ Abẹ́òkúta, ó ga, ó tínínrín, ó sì máa ń rọra sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń tọ́ ọ̀rọ̀ wò kó tó tú u sílẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò ju ẹ̀rọ ìránṣọ méjì àti tábìlì ìgéṣọ kan lọ, Rebecca ìyàwó rẹ̀, ìyá Tèmítọ́pẹ́ ọmọ wọn, sì ń ta òwú àti bọ́tìnnì lẹ́nu ọ̀nà. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tó ń mú orí ọkùnrin yìí wú, ẹ má wo ṣọ́ọ̀bù rárá. Ẹ dúró di ọjọ́ Ìsinmi, kí ẹ wá sí ìjọ aláṣọ funfun kan ní Igbó-Elérin. Òun ló ń gbé àwo tùràrí níbẹ̀.

Ẹni tí kò bá sí nínú ìjọ wọn lè má mọ bí iṣẹ́ yìí ṣe tó. Ohun èlò idẹ kékeré kan ni, wọ́n so ẹ̀wọ̀n mọ́ ọn, ẹ̀yinná wà nínú rẹ̀, wọ́n á wá bu tùràrí lé e kí èéfín olóòórùn dídùn lè máa rú jáde. Ẹni tó gbé e ló ń ṣáájú àwọn wòlíì wọlé. Kí ìsìn tó bẹ̀rẹ̀, òun ni yóò fì í yí gbogbo ilé náà ká, kí ohun àìmọ́ tó bá lúgọ síbẹ̀ lè fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Bàbá tó bí Ògúntádé ló gbé e kó tó kú, òun náà sì ti gbé e fún ọdún méjìlélógún. Bí ẹnikẹ́ni bá yìn ín, á ní Ọlọ́run ni, ṣùgbọ́n ẹ̀rín á ti gba ẹnu rẹ̀ dé etí.

Ní nǹkan bí ọdún kan àbọ̀ sẹ́yìn ni ikọ́ kan dé. Wọ́n pè é ní ikọ́ ọyẹ́, ọyẹ́ lọ, ikọ́ ò lọ. Nígbà tó yá, àyà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í há, bó bá sì mí, ẹ máa gbọ́ tí àyà náà ń súfèé. Rebecca, tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ti ṣàkíyèsí pé láti ọjọ́ Ajé sí ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọkọ òun máa ń rí ara gbé. Àmọ́ bó bá ti ti ìsìn ọjọ́rú dé, ó di kó fẹ̀yìn ti ògiri kó tó lè sùn. Ó fi ọ̀rọ̀ náà sínú.

Ògúntádé lọ sọ fún Olùṣọ́ Abọ́dúnrìn, olórí ìjọ náà. Ẹ jẹ́ kí n ti sọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni tó bínú sí i: Abọ́dúnrìn kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ẹni tó máa ń fi ẹsẹ̀ rìn lọ kí aláìsàn ni.

"Bàbá Tèmítọ́pẹ́," ó ní, "ibo ló ti máa ń há jù?"

"Inú ṣọ́ọ̀ṣì ni, sà. Bí mo bá ti gbé àwo."

Olùṣọ́ mi orí. "Ẹ ò rí i bí? Ohun tó wà lára yín ò fẹ́ràn òórùn mímọ́ ni. Attack ni, ogun ọ̀tá."

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Bí èéfín bá ń lé ẹ̀mí àìmọ́, tí àyà ọkùnrin kan sì ń há nígbàkúùgbà tí èéfín yẹn bá kàn án, kí ni ẹ fẹ́ kí onígbàgbọ́ rò? Ògúntádé náà gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rù tiẹ̀ bà á ju bó ṣe ba Olùṣọ́ lọ, torí bí wọ́n bá gbọ́ pé nǹkan ń bẹ lára ẹni tó ń gbé àwo, ta ló tún máa jẹ́ kó gbé e? Ìyẹn gan-an lohun tó ń dùn ún. Àyà tó ń há kò bà á lẹ́rù tó àwo tó lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Wọ́n ní kó wá gbé inú ṣọ́ọ̀ṣì fún ọjọ́ méje, kí wọ́n máa fi tùràrí yí i ká láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́. Lọ́jọ́ kìíní, ó wúkọ́ títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n ní ohun náà ti ń bẹ̀rù, wọ́n fi kún tùràrí. Lọ́jọ́ kẹta, kò lè sọ ju ọ̀rọ̀ méjì lọ kó tó sinmi, wọ́n sì tún fi kún un.

Láàárọ̀ ọjọ́ kẹrin, Rebecca gbé ògì wá fún un. Ó bá a lórí eékún, ọwọ́ méjèèjì tẹ ilẹ̀, èjìká ń lọ sókè ń lọ sílẹ̀, ètè rẹ̀ ti ṣú. Láti ìgbà tí wọ́n ti ṣègbéyàwó, Rebecca ò tíì gbé ohùn sókè nínú ilé Olúwa rí. Lọ́jọ́ yẹn, ó gbé e.

"Ẹ ṣí fèrèsé! Ẹ gbé iná yẹn jáde! Ọkọ mi ń kú lọ!"

Òun àti arákùnrin kan ló gbé e sínú kẹ̀kẹ́ Márúwá, ó di ìlú Ìbà. Ní ilé ìwòsàn kékeré kan níbẹ̀, wọ́n fi nǹkan bo imú àti ẹnu rẹ̀, wọ́n ń fẹ́ oògùn sí i bí ìrì. Kó tó tó wákàtí kan, ó ti ń mí bí ènìyàn. Rebecca jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó sì sunkún dáadáa.

Dókítà tó tọ́jú rẹ̀ ń jẹ́ Sàrátù, ọmọbìnrin kan tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, tó fi híjáàbù borí. Ó gba ẹ̀jẹ̀, ó ní kó mú ìgbẹ́ rẹ̀ wá, ó sì bi í léèrè ohun gbogbo tó ń fà símú. Nígbà tí tọkọtaya náà padà dé lọ́jọ́ kẹta, ìwé àyẹ̀wò ti wà lórí tábìlì.

"Bàbá," ó ní, "ikọ́ fée ni, èyí tí wọ́n ń pè ní asthma. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó, ẹ̀jẹ̀ yín ń bá aràn jà, bẹ́ẹ̀ ni kò sí aràn kankan nínú yín."

Ògúntádé wo Rebecca, Rebecca wo ilẹ̀. Kò yé ẹnikẹ́ni nínú wọn.

"Ṣé ẹ ní ọdẹ tó ń ṣọ́ àdúgbò yín?" ni dókítà bi wọ́n.

"A ní. Olóòótọ́ ènìyàn ni, ariwo rẹ̀ ló pọ̀ jù."

Dókítà rẹ́rìn-ín. "Irú rẹ̀ ń gbé inú ẹ̀dọ̀fóró yín, àti inú ìfun yín pẹ̀lú. ILC2 la máa ń pè wọ́n. Ọ̀pọ̀ ọmọ ogun ara ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ojú ọ̀tá kí wọ́n tó jà. Àwọn wọ̀nyí kì í béèrè ẹni tó dé. Bí awọ ọ̀nà èémí yín bá fara pa, á ké. Bí wọ́n bá sì ti gbọ́ igbe yẹn, wọ́n á fọn fèrè. Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ á tú jáde, ọ̀nà èémí á fún, àwọn tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ á sì sáré wá."

"Kí ni wọ́n ń lé?"

"Aràn ni iṣẹ́ wọn. Tó bá jẹ́ inú ìfun ni aràn wà, ọpẹ́ ló yẹ ká dá fún wọn, torí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ á mú kó máa yọ̀, ìfun á sì tì í jáde. Ṣùgbọ́n nínú àyà yín, èéfín ló ń gún awọ, àwọn náà sì ń ṣe bí wọ́n ṣe mọ̀ ọ́n ṣe. Ọ̀nà tí wọ́n ń fún pa yẹn lẹ ń gbà mí."

Ohùn Ògúntádé lọ sílẹ̀. "Ṣé pé kò sẹ́ni tó ń gbógun tì mí?"

"Kò sí o, Bàbá. Ara yín ló ń gbèjà yín ní àgbèjù."

Ìtura tó bá a lọ́kàn pọ̀, kò sì fi pamọ́. Ó ní "Ọlọ́run ṣeun" lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́yìn náà ló rántí. "Tùràrí yẹn ńkọ́?"

"Ẹ ó fi sílẹ̀."

Ó fún un ní ìnhélà méjì, oògùn tí wọ́n ń fà sẹ́nu, ó ní aláwọ̀ búlúù máa ṣí ọ̀nà bó bá há, aláwọ̀ búráùn sì máa pẹ̀tù sí ọkàn àwọn ọdẹ náà, kó máa fà á láàárọ̀ àti lálẹ́ bí ara tiẹ̀ yá. Ògúntádé ní òun gbọ́ pé ẹni tó bá ti bẹ̀rẹ̀ ìnhélà kì í lè jáwọ́ mọ́. Dókítà ní ẹni tó ń mí náà kò lè jáwọ́ nínú mímí. Ògúntádé wá dúnàádúrà: bí òun bá fa búlúù kí òun tó gbé àwo ńkọ́?

"Ẹ lè mú un jẹ lẹ́ẹ̀kan, kódà lẹ́ẹ̀mẹwàá," ni dókítà dáhùn. "Ọjọ́ kan á wà tí búlúù ò ní ṣí i."

Ọ̀sẹ̀ méjì ni ọkùnrin yìí fi ń ránṣọ láì tíì lọ bá Olùṣọ́. Rebecca ò bá a wí, ó kàn ń gbé búráùn síwájú rẹ̀ láràárọ̀ pẹ̀lú omi tó máa fi yọ ẹnu. Súfèé inú àyà náà dákẹ́. Lọ́jọ́ kan ó wọ bàtà, ó lọ sílé Olùṣọ́, ó sì ròyìn gbogbo rẹ̀.

Abọ́dúnrìn gbọ́ ọ dé òpin. "Ẹ mọ̀ pé ẹni tó bá fọwọ́ ara rẹ̀ gbé àwo sílẹ̀, a kì í gbé e fún un mọ́."

"Mo mọ̀, sà."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá sọ ọ́ fún ìjọ fúnra yín," ni Olùṣọ́ wí, ojú rẹ̀ ò sì le. "Bí ẹ ò bá sọ ọ́, wọ́n á sọ òmíràn."

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, ẹlòmíràn gbé àwo. Ògúntádé dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn níbi tí atẹ́gùn ti ń wọlé, ó ń wo àwo náà bó ṣe ń lọ láìsí òun, ó sì dùn ún dé egungun. Nígbà tí wọ́n pè é fún ẹ̀rí, ó sọ ti ikọ́ fée, ó sọ ti àwọn ọdẹ inú àyà, ó sọ pé kì í ṣe ẹ̀mí kankan. Àwọn kan ṣe àmín. Àwọn kan kàn ń wò ó.

Lẹ́yìn ìsìn, obìnrin kan wá bá a lábẹ́ igi níta. Ọmọ́wùmí ni wọ́n ń pè é, ó ń ta ẹyin ní Okokomaiko. Ó kúnlẹ̀ kí i.

"Bàbá, ọdún kẹta rèé tí àyà tèmi náà ti ń há. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló ń ṣe mí. Mi ò sọ fún ẹnì kankan."

"Kí ló dé tí o ò sọ?"

Ó kọ́kọ́ ń lọ́ tìkọ̀. "Ẹ̀yin ni, sà. Bí mo bá ti wúkọ́ báyìí, ẹ máa ń gbé àwo wá síwájú mi, ẹ á dúró pẹ́. Mo rò pé Ọlọ́run ti fi nǹkan tó wà lára mi hàn yín ni."

Òtítọ́ ló sọ. Bí bàbá Ògúntádé ṣe kọ́ ọ nìyẹn: ẹni tó bá wúkọ́ nínú ìsìn, òun ni kó sún mọ́, kó fì í fún un dáadáa. Ìfẹ́ ló fi ń ṣe é. Ojú tì í débi pé kò mọ ibi tó máa fi ọwọ́ sí.

"Ọmọ́wùmí, má bínú sí mi," ó ní. "Lọ́la, aago mẹ́jọ, èmi àti Ìyá Tèmítọ́pẹ́ máa mú ọ lọ sí Ìbà."

"Ẹ ṣé, sà."

"Ta ló tún ń wúkọ́?"

Obìnrin náà wo ẹ̀yìn kó tó dáhùn. Ó dárúkọ ẹni mẹ́ta. Ògúntádé mọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn máa ń jókòó, torí òun ló ń gbé àwo dúró síwájú wọn.