Ilẹ̀kùn Tí Lánípẹ̀kun Kọ́ Sójú Fóònù

Láti Ṣàgámù títí dé Ìkẹ́nnẹ́, kò sẹ́ni tó mọ ohun tó lòde nínú iṣẹ́ ìkànnì ayélujára bíi Lánípẹ̀kun ará Ẹ̀pẹ́. Lọ́dún tí àwọ̀ dúdú lòde, gbogbo ìkànnì tó ṣe ló di dúdú, títí kan ti ilé ìgbẹ̀bí, àfi bíi pé ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ níbẹ̀. Lọ́dún tí lẹ́tà ńlá gbòde, ó kọ "Ẹ káàbọ̀" gàdàgbà débi pé "Ẹ" nìkan lèèyàn ń rí lórí fóònù. Bí oníbàárà bá ṣàròyé, á ní ojú onítọ̀hún kò tíì là.

Ìyá Ellen, opó kan tó ń fi yàrá háyà fáwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Ìlíṣàn, gbéṣẹ́ fún un. Àwòrán yàrá, iye owó rẹ̀ àti nọ́ńbà fóònù òun ni màmá fẹ́ káyé rí. Nítorí pé ọmọ ìjọ Adventist ni, ó tún ní kí ìkànnì náà máa pa ọjọ́ ìsinmi mọ́, kó máa tì bí oòrùn bá ti wọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì títí di ìrọ̀lẹ́ Sátidé.

Ti ìsinmi nìkan ni Lánípẹ̀kun gbà láìjiyàn. Ó ní aráyé kì í wá yàrá mọ́, ìrírí ni wọ́n ń wá. Ló bá kọ́ ilẹ̀kùn ńlá kan síwájú ìkànnì, tó ń rọra ṣí bíi pé ọba ń bọ̀. Bó bá ṣí tán, kọ́tìnì á máa fẹ́ lẹ́lẹ́. Lẹ́yìn kọ́tìnì ni róbọ́ọ̀tì kan wà tó sọ ní Ànú, tó ń dá gbogbo ọ̀rọ̀ lóhùn pé, "Ọ̀rọ̀ yín yé mi." Nọ́ńbà màmá wá wà lábẹ́ àwọn ìlà tín-ín-rín kan nígun òkè, téèyàn ní láti tẹ̀ kí nọ́ńbà tó yọjú, kí ojú ìkànnì lè mọ́.

Ilé ẹ̀kọ́ wọlé, kò sẹ́nì kan tó pè. Nígbà tí màmá bi í, Lánípẹ̀kun fi hàn án pé àwọn tó ń yẹ ìkànnì náà wò ń pẹ́ níbẹ̀ gan-an. Kò sọ pé ilẹ̀kùn ni wọ́n ń dúró dè. Ó ní fídíò ló kù tóun máa fi kún un.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan, ó wọ yàrá òkè pátápátá lọ ya fídíò náà. Afẹ́fẹ́ gbá ilẹ̀kùn dé, ọwọ́ ilẹ̀kùn sì já sí i lọ́wọ́. Kò sẹ́nikẹ́ni nínú ilé. Fóònù tuntun ló mú dání, nọ́ńbà kankan ò tíì sí nínú rẹ̀, kò sì mọ ti ẹnikẹ́ni sórí àfi tirẹ̀. Ló bá rántí pé ti màmá wà lórí ìkànnì.

Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò lágbára. Ilẹ̀kùn ojú fóònù ṣí díẹ̀, ó dúró, ó tún ṣí díẹ̀. Òógùn bo Lánípẹ̀kun. Nígbà tí kọ́tìnì fẹ́ tán, ó kọ ọ́ sí róbọ́ọ̀tì pé òun há sínú yàrá, kó bá òun pe onílé.

"Ọ̀rọ̀ yín yé mi," ni Ànú dáhùn.

Ó wá àwọn ìlà tín-ín-rín náà, Ànú dúró lé wọn lórí. Ó ṣì ń fìka tì í kúrò nígbà tí oòrùn wọ̀, tí ọ̀rọ̀ mìíràn sì gba ojú fóònù: "A ti wọ ìsinmi. Ẹ padà wá nírọ̀lẹ́ ọ̀la."

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ojú tì í, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́ni tó ń wò ó. Nígbà tó yá, ó lọ sójú fèrèsé, ó ń kígbe. Asher, olùkọ́ yunifásítì kan tó ń kọjá lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ló gbọ́ tó lọ pe Ìyá Ellen. Màmá dé, ó sì fi ọ̀bẹ ṣí ilẹ̀kùn láti ìta.

"Kí ló dé tí o ò pè mí?"

"Mo ń wá nọ́ńbà yín ni, mà."

"Níbo lo ti ń wá a?"

Lánípẹ̀kun rọra ki fóònù bọ àpò.

Lọ́jọ́ Àìkú, ó wó gbogbo ohun tó kọ́ sórí ìkànnì náà palẹ̀. Àwòrán, owó àti nọ́ńbà ló kù, yàrá màmá sì bẹ̀rẹ̀ sí kún. Kò pẹ́ tí wọ́n fi pè é sí Ìkẹ́nnẹ́ kó wá bá àwọn ọ̀dọ́ sọ̀rọ̀. Ó sọ fún wọn pé àṣà tuntun kan ti dé láti òkè òkun, tóun ń pè ní Ojú-Láìlé-Tìróò, àti pé ńṣe lòun dá wà nínú yàrá kan kí ìjìnlẹ̀ rẹ̀ tó yé òun. Àwọn ọ̀dọ́ ń kọ ọ́ sílẹ̀.