Àlejò Tí Kò Kí Onílé

Mo mọ ìtàn òǹkọ̀wé eré òyìnbó kan dáadáa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́ni tó bi mí léèrè rẹ̀ ní Massè, ìlú wa. Bàbá rẹ̀ ń wa ọkọ̀ ojú irin. Ilẹ̀ gbọ̀ngàn eré ni òun fúnra rẹ̀ ń gbá kó tó di òǹkọ̀wé. Nígbà tí wọ́n ṣe eré rẹ̀ àkọ́kọ́, àwọn òǹwòran dìde kó tó parí; èkejì ló sọ ọ́ di olókìkí ní Lọ́ńdọ̀nù. Orí rédíò ni mo ti ń gbọ́ ọ. Ibi tí mo ti ń ṣiṣẹ́ oko kòkó ní Nàìjíríà ni mo ti kọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ibẹ̀ náà ni mo ti ra ìwé eré kejì yìí.

Lẹ́yìn òmìnira, nígbà tí a ṣì ń jẹ́ Dáhòmè, mo túmọ̀ rẹ̀ sí èdè wa, àti gbogbo ibi tó ní kí wọ́n ti dákẹ́. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí: tọkọtaya àgbàlagbà kan ń jẹun, àlejò kan wọlé, kò kí wọn, ó fa àga, ó jókòó. Àwọn ọ̀mọ̀ràn orí rédíò ní ìjókòó yẹn gan-an ni ọgbọ́n eré náà.

Mọlémọlé kan àti ìyàwó rẹ̀ ni mo fi ṣe tọkọtaya. Aládùúgbò mi kan tó ń dá ẹmu ló ṣe àlejò. Ó ti ń tọrọ ọmọbìnrin kan fẹ́ ní abúlé Tatonnonkon, ṣùgbọ́n bàbá ọmọ náà kò tíì jẹ́ hóò. Nígbà tó ku díẹ̀ ká ṣeré, bàbá náà ránṣẹ́ pé òun ń bọ̀ wá wò ó, kóun lè mọ irú ẹni tó jẹ́.

Adẹ́mu wá bá mi. “Ẹ̀gbọ́n, tí bàbá yìí bá rí i pé n kò kí àgbà, ó tán nìyẹn. Ṣé òyìnbó yín ní ọmọbìnrin tó máa fún mi?”

Mo dá a lóhùn pé ọkùnrin nìkan ló bí.

Lọ́jọ́ eré, bàbá ìyàwó jókòó níwájú pátápátá ní àgbàlá ilé ẹ̀kọ́. Adẹ́mu wọlé, ó rí i, ó sọ̀ kalẹ̀ lórí pèpéle, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún un. Bàbá bi í léèrè ara, ilé, oko àti òjò. Tọkọtaya ń jẹun lọ títí gààrí fi tán. Adẹ́mu gbọn iyẹ̀pẹ̀ àyà rẹ̀, ó padà sókè, ó fa àga, ó jókòó.

Bàbá na ọwọ́ sí tọkọtaya. “Àwọn yẹn ńkọ́?”

Adẹ́mu wojú mi. Ìdákẹ́jẹ́ wà níbẹ̀ nínú ìwé. Tiwa gùn ju tìwé lọ.

“Bàbá,” ó ní, “ìjà ló wà láàárín wa.”

Bàbá náà mi orí. “Ẹ máa ṣe é lọ.”

Kò sí èyí nínú ìwé. Mo ti gbọ́ oríṣiríṣi àlàyé àwọn ọ̀mọ̀ràn lórí rédíò, kò sí ọ̀kan tó dé ibẹ̀. Gbogbo èèyàn wa jókòó dé òpin láti mọ̀ bóyá ìjà náà máa parí. Kò parí, bí òyìnbó ṣe kọ ọ́ nìyẹn.

Bàbá gbà láti fún un ní ọmọ, tó bá kọ́kọ́ lọ bẹ àwọn àgbàlagbà méjèèjì. Lọ́jọ́ kejì, adẹ́mu gbé agbè ẹmu lọ sílé mọlémọlé. Mo tẹ̀ lé e lọ bí ẹlẹ́rìí. Wọ́n gba ẹ̀bẹ̀ rẹ̀, wọ́n sì mu ẹmu náà tán.