Èdè Tí Ẹnì Kan Ṣoṣo Gbọ́

Nígbà tí àwọn ọdún 1970 ń parí lọ, mo jẹ́ olùkọ́ kékeré ní yunifásítì tó wà ní Samaru, nílẹ̀ Hausa. Tudun Wada ni wọ́n bí mi sí, bàbá mi ń ṣiṣẹ́ rélùwéè, Hausa sì yọ̀ mọ́ mi lẹ́nu ju Yorùbá lọ títí mo fi lọ sílé ọkọ.

Yàrá ìwádìí wa ní ìléru kan tí a fi ń yan òkúta tí a ti gún kúnná. Inú ọ̀pá gíláàsì tí gáàsì ń gba inú rẹ̀ kọjá, tí omi sì ń mú ẹnu rẹ̀ tutù, la máa ń kó o sí, ká lè mọ irú irin tó wà nínú rẹ̀. Lọ́dún náà, ọ̀gá wa ra kọ̀m̀pútà kan láti òkè òkun. Kọ̀m̀pútà náà ni yóò máa bi ẹ̀rọ tó ń wọn ooru léèrè pé báwo ni iná ṣe gbóná tó, yóò sì máa dín iná kù tàbí kó fi kún un. Ṣùgbọ́n kọ̀m̀pútà ò mọ ohunkóhun àfi ohun tí a bá kọ fún un. Ọ̀gá pe èmi àti ẹ̀gbọ́n kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́, ó ní ká lọ yan èdè tí a ó fi máa pàṣẹ fún un.

Èmi mú BASIC. Ọ̀rọ̀ ni wọ́n fi ń kọ ọ́; ẹni tó bá fara balẹ̀ á mọ ohun tí ìlà kọ̀ọ̀kan ń sọ. Ẹ̀gbọ́n ní ó ń wọ́ bí ìgbín. Nọ́ńbà lásán ni tirẹ̀, èdè tí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ń gbọ́ láìsí ògbufọ̀. A gbé méjèèjì síwájú Ọ̀gá. Kí tèmi tó béèrè ooru lẹ́ẹ̀kan, tirẹ̀ ti béèrè, ó ti tún béèrè, nọ́ńbà ń sáré lójú kọ̀m̀pútà. Ọ̀gá fọwọ́ gbá Ẹ̀gbọ́n léjìká.

Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, bí ẹ̀rọ ooru bá dákẹ́ ńkọ́? Mo kọ ọ́ sínú tèmi pé kó pa iná.”

“Ó wà nínú tèmi náà.”

“Níbo?”

Ó ṣí ìwé tó kọ ọ́ sí hàn mí. Nọ́ńbà ló kún ojú ewé látòkè délẹ̀, kò sí ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀. Ó dàgbà ju mí lọ, Ọ̀gá sì ti mú tirẹ̀. Mo dá ìwé náà padà fún un.

Bàbá Hausa kan ló ń tọ́jú ìléru náà lójoojúmọ́, Malam la máa ń pè é. Nígbà tí ọyẹ́ dé, tí eruku ń wọ inú gbogbo nǹkan, ó fi ohun kan hàn mí. Nọ́ńbà ojú kọ̀m̀pútà dúró gbọn-in, bẹ́ẹ̀ abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ ooru ń gòkè. Mo pe Ẹ̀gbọ́n, ó yọ wáyà tó so ẹ̀rọ ooru mọ́ kọ̀m̀pútà, ó nù ún, ó tún dá a padà sáyè rẹ̀, nọ́ńbà bẹ̀rẹ̀ sí í rìn.

“Eruku ni,” ó ní. “Ẹ̀yin ẹ má dẹ́rù ba ara yín.”

Ó ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ránṣẹ́ sí Ẹ̀gbọ́n láti ilé pé ara bàbá rẹ̀ ò yá. Ó fi wá sílẹ̀ lọ.

Ọjọ́ kejì, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, Malam sáré wọ ọ́fíìsì mi. “Madam, wutar nan ba ta jin magana.” Iná náà ò gbọ́rọ̀ mọ́.

Mo bá a sáré. Ooru gbá mi lójú láti ẹnu ọ̀nà. Gbogbo àṣẹ tí mo mọ̀ ni mo tẹ̀. Kọ̀m̀pútà ò dáhùn. Abẹ́rẹ́ ti kọjá ibi tí a máa ń dé, kò sì dúró.

“Ki kashe!” Malam pariwo. Pa á!

Mo sáré lọ síbi ògiri, mo fa ṣíwíìṣì iná mànàmáná gbogbo yàrá náà wálẹ̀. Ìgbà tí gbogbo ariwo dákẹ́ ni mo rántí pé ibẹ̀ ni ẹ̀rọ omi tó ń mú ẹnu ọ̀pá gíláàsì tutù náà ti ń gba iná. Malam ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ síwájú ìléru, ó fẹ́ ti gáàsì tó ń wọ inú ọ̀pá náà pa. Mo lanu láti pè é. Ọ̀pá náà fọ́ kí ohùn mi tó jáde.

Ojú òsì Malam lọ sí i. Nígbà tí mo lọ kí i ní ọsibítù, ìyàwó rẹ̀ tẹ́ aṣọ fún mi lórí àga, ó ń dúpẹ́ pé mo wá. Mi ò lè gbójú sókè wò ó.

Ẹ̀gbọ́n dé lẹ́yìn ìsìnkú bàbá rẹ̀. Ó jókòó ti ìwé rẹ̀ láti àárọ̀ títí wọ́n fi pe ìrun Azahar lọ́sàn-án, ó ń fi ìka tọ nọ́ńbà kiri. Nígbà tó yá, ó ní, “Àbúrò, mi ò rí ibi tí mo kọ ọ́ sí pé kó pa iná.” Bóyá ó kọ ọ́ rí, mi ò mọ̀ títí dòní. Ó gba iṣẹ́ níbòmíràn kí ọdún ẹ̀kọ́ náà tó parí.

Ọ̀gá wá pè mí pé kí n kó BASIC mi wá. Malam ní òun ò ní bá iná náà gbé yàrá kan mọ́, wọ́n sì gbé iṣẹ́ rẹ̀ lọ síbi tí wọ́n ń kó ìgò yàrá ìwádìí sí. Èmi ni mò ń dá tan ìléru náà fún ọdún méjì. Kò sí ọjọ́ tí mo tàn án tí mi ò ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu kí n lè tètè rí ọ̀nà sá, bí eruku tilẹ̀ ń wọlé.