Àwọ̀ Tó Yọ Lára Fàdákà Ìyá Mi

Òjò ọdún tó kọjá ló wó ògiri yàrá ìyá bàbá mi ní Tré. Ilé alámọ̀ ni, kò sì sí ẹni tó ń gbé inú rẹ̀ mọ́ láti ìgbà tí ìyá náà ti kú. Nígbà tí mo gun alùpùpù dé láti Dassa ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ìyá mi ti wà lórí àlàpà, ó ń fi ọkọ́ wá igi àjà tó ṣì dára. Bí mo ṣe gba ọkọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tí mo gbé e sọlẹ̀ ni ó kan nǹkan kan nínú amọ̀.

Ìkòkò kékeré ni. Wọ́n ti mọ ọ́n mọ́ inú ògiri. A fọ́ ọrùn rẹ̀, mo fa àkísà aláró kan jáde, mo tú u. Ẹ̀rù bà mí, mo jù ú sílẹ̀. Mo rò pé ẹ̀yìn kòkòrò ni, torí àwọn nǹkan róbótó náà ń dán, àwọ̀ wọn sì ń yí bí oòrùn ṣe ń kàn wọ́n.

Owó ni. Owó fàdákà, irú èyí tí àwọn Faransé ń ná láyé àtijọ́, tó ní orí ọkùnrin onírùngbọ̀n lójú. Wọ́n ti lu ihò sí etí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn bíi ti ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn, ṣùgbọ́n okùn ti jẹrà. Láyé mi, mi ò rí irú àwọ̀ bẹ́ẹ̀ lára owó rí. Etí wọn pọ́n bí oyin. Bí ojú ṣe ń wọ àárín lọ, oyin yẹn di osùn, osùn di ọrùn ẹyẹlé, kò sì sí ibi tí èèyàn lè nàka sí pé ibí ni ọ̀kan parí sí. Èyí kan wà nínú wọn tí aró rẹ̀ jinlẹ̀ débi pé mi ò rí ojú ọkùnrin náà dáadáa mọ́. Òun ni mo fẹ́ràn jù.

Mo wo ìyá mi. "Ìyá, ṣé kì í ṣe tiyín nìyí?"

Kò sí ọmọ ilé wa tí kò mọ ìtàn náà. Nígbà tí ìyá mi jẹ́ ìyàwó tuntun, ìlẹ̀kẹ̀ owó fàdákà tí bàbá rẹ̀ fún un pòórá nínú àpótí. Wọ́n ní ìyálé rẹ̀ nìkan ló wà nílé lọ́jọ́ náà, ìyá mi sì gbà pé òun ló jí i. Láti ọjọ́ yẹn ni wọn kò ti bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́. Àgbàlá kan náà ni wọ́n ń gbé, àwa ọmọ ni a sì ń gbé ọ̀rọ̀ wọn kiri: sọ fún un pé ewúrẹ́ rẹ̀ ti já, sọ fún un pé mo ti gbọ́.

"Rárá o," ni ìyá mi wí. "Tèmi funfun bí lékeléke. Èyí kì í ṣe fàdákà. Gbé e kúrò níwájú mi."

Mo mú méjì lọ sọ́dọ̀ Àláájì kan tó ń ta ohun ọ̀ṣọ́ lọ́jà Dassa. Ó gbé ọ̀kan sínú oòrùn, ó yí i, ó tún yí i.

"Ẹ má fọ̀ ọ́ o," ó ní. "Fàdákà gidi ni. Afẹ́fẹ́ àti aṣọ tí wọ́n fi wé e ló rọra kùn ún báyìí. Àwọn kan wà tó ń fi iná yan tiwọn kó lè jọ ọ́, ṣùgbọ́n tiwọn a máa rí pálapàla bí ọ̀dà tó dà sílẹ̀."

"Bí èèyàn bá fọ̀ ọ́ ńkọ́?"

"Yóò funfun. Àmọ́ kí àwọ̀ yìí tó padà wá, èmi àti ẹ̀yin lè má sí láyé."

Ìdùnnú ni mo fi gun alùpùpù padà. Nígbà tí mo dé ẹ̀yìn ilé ìdáná, ìyá mi lóṣòó ti abọ́ kan, eérú àti ọsàn wẹ́wẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń ha nǹkan kíkankíkan.

"Ìyá! Ẹ má fọ̀ ọ́!"

Àwọ̀ rẹ̀ ti bọ́. Èyí aláró yẹn ni. Omi dúdú ń ṣàn ní ìka rẹ̀, owó náà sì wà láàárín àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, funfun, gbígbẹ, bí eegun tí ajá ti lá. Ó dà bí ẹni pé wọ́n gbá mi létí. Lójijì ni ìyá mi figbe ta.

"Yéè! Wo abẹ́ ọrùn rẹ̀!"

Àgbélébùú tín-ínrín kan wà níbẹ̀. Àwọ̀ yẹn ló ti bò ó.

"Bàbá mi ló fi abẹ́rẹ́ ha á," ó ní. "Ó ní kí Jésù máa ṣọ́ mi nílé ọkọ." Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ gbì. "Ìyálé mi kò jí i. Háà! Kò jí i!"

Ta ló wá fi í sínú ògiri? Yàrá ìyá bàbá mi ni. Bóyá ó jí i ni, bóyá ó bá a pa mọ́ ni, a ò mọ̀, kò sì sí ẹni tí a máa bi. Ìyá mi kò tiẹ̀ dúró rò ó. Ó dìde, ó tún ìró rẹ̀ ró, ó gba àárín àgbàlá kọjá. Mo gbé àwọn tó kù tẹ̀ lé e.

Ìyálé rẹ̀, tí àwa ọmọ ń pè ní Ìyá Àgbà, jókòó lẹ́nu ọ̀nà, ó ń pa ẹ̀pà. Ìyá mi kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. Mo dúró ti ògiri.

"Ta ló kú?" ni Ìyá Àgbà béèrè. Èmi ló bi, bó ṣe mọ́ wọn lára.

"Ìyálé mi, ẹ dárí jì mí," ni ìyá mi wí. "Mo ti rí i. Inú ògiri ìyá ọkọ wa ló wà."

Mo tú àkísà náà. Ìyá Àgbà wò ó, ó wò ó. Mo ń retí ẹkún tàbí èpè.

"Ọdọọdún ni mo ń lọ síbi ihò àpáta Màríà ní Dassa," ó ní jẹ́jẹ́. "Mo ń bẹ̀bẹ̀ pé kí ẹni tó gbé e jẹ́wọ́ kí n tó kú. Mi ò mọ̀ pé ògiri ni mò ń bá wí." Ó na ọwọ́ sí ìyá mi. "Dìde, ìyàwó. Eékún rẹ kò lè gba èyí mọ́."

Ó mú owó kan, ó fajú ro sí i. "Kí ló sọ wọ́n di báyìí? Gbé eérú wá, ká fọ̀ wọ́n."

"Ẹ má fọ̀ wọ́n!" Ìyá mi fi ọwọ́ méjèèjì bò wọ́n. "Mo ti ba ọ̀kan jẹ́. Ẹ yí i sí oòrùn, ẹ wò ó dáadáa."

"Kí ni kí n wò? Ìdọ̀tí ni!"

"Kì í ṣe ìdọ̀tí o!"

Ohùn wọn ròkè. Aládùúgbò kan sáré wọlé, ó rò pé ìjà ti dé. Ẹnu mi là sílẹ̀ bíi ti òmùgọ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi, n kò gbọ́ kí àwọn méjèèjì bá ara wọn sọ ọ̀rọ̀ kan rí.

Wọn kò fọ àwọn tó kù. Ṣùgbọ́n títí di òní, Ìyá Àgbà kò gbà. Ó ní fàdákà tí kò bá funfun, àìsàn ló ń ṣe é. Ìyá mi a sì dá a lóhùn, láìrán ọmọ kankan.