Ẹni Tó Ń Kan Ilẹ̀kùn Sàúdátù

Láti Ìdímù títí dé Akọ̀wọ́njò, kò sẹ́ni tó lè ròyìn Sàúdátù aránṣọ tó ẹni tó ń ròyìn rẹ̀ yìí. Ẹni tó bá fẹ́ jiyàn, kó kọ́kọ́ wọ bọ́ọ̀sì lọ wo ilé náà.

Ọdún kọkànlá rèé tí Yésúfù, bàbá rẹ̀, ti kú. Ojoojúmọ́, bí wọ́n bá ti kírun Mọ̀gáríbì tán, ẹnìkan á kan ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀mẹta. Sàúdátù á gbé ife omi sẹ́nu ọ̀nà. Tó bá padà débẹ̀, ife á ti gbẹ táútáú, bí ohun tí wọ́n sá sóòrùn ọjọ́ méje. Kò bẹ̀rù. Kò lọ́kọ mọ́, àwọn ọmọ wà lókè òkun. Ẹni tó ń kanlẹ̀kùn yẹn nìkan ló ń bá a gbélé.

Ọláṣùpọ̀, tó ti fìgbà kan jẹ́ ayálégbé rẹ̀ kó tó kó lọ, fi ọ̀rọ̀ náà kọ ìwé. Gbogbo rẹ̀ ni Sàúdátù sọ fún un, àfi oríkì tí bàbá rẹ̀ máa ń pè é. Ìwé náà lókìkí, ni Tolú tó ń ṣe fíìmù bá gbé kámẹ́rà dé.

"Màmá, nínú fíìmù, a máa lé òkú náà lọ ni."

"Ta ló rán yín? Nínú ìwé, kò lọ síbì kankan."

"Ẹ má bínú, mà. Eré ṣá ni."

Eré ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n Tolú ò fẹ́ wá aṣọ funfun kiri. Wòlíì Abraham gan-an, ti ìjọ aláṣọ funfun ẹ̀yìnkùlé, ló mú wá ṣe wòlíì. Abraham bọ́ bàtà, ó mi agogo. Tolú ní ó tó, kò gbọ́. Ó gbàdúrà títí gíláàsì fèrèsé fi làágùn, tí adìẹ mẹ́rìndínlógún pa ẹnu mọ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

"Bàbá, a ní kẹ́ ẹ díbọ́n ni."

"N ò mọ bí wọ́n ṣe ń díbọ́n níwájú Ọlọ́run, jàre."

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ilẹ̀kùn ò dún. Lọ́jọ́ kejì, kò dún. Lọ́jọ́ kẹta, omi wà bí wọ́n ṣe bù ú, ẹ̀fọn kú sínú rẹ̀. Sàúdátù jókòó ti maṣíìnì rẹ̀, ó ń gbọ́ bí ilé ṣe tóbi tó.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹrin, ó bọ́ síta, ó pa ilẹ̀kùn dé mọ́ ilé òfìfo, ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ kàn án lẹ́ẹ̀mẹta.

Sálúbàtà kan rọra wọ́ nílẹ̀ nínú pálọ̀. Ó dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

"Àṣàkẹ́, wọlé. Gbé omi wá."

Sàúdátù bẹ̀rẹ̀, ó mú ife nílẹ̀, ó ṣílẹ̀kùn.